Ìwé Gbèsè

Okùn ni mo fi so láítà mọ́ òpó ìsọ̀ mi nítòsí Tákìé.
Okùn náà kúrú.
Ẹni tó bá fẹ́ tanná sí sìgá lọ́dọ̀ mi
á kọ́kọ́ tẹríba, bí ọkọ ìyàwó níwájú àna.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mò ń tà á.
Odidi páálí, ta ló lówó ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa yìí?

Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìwé mi kà:
Tìámíyù ọlọ́kadà, ọ̀kan lójúmọ́.
Ọjọ́ tí wọ́n gba ọ̀kadà lọ́wọ́ ẹ̀, mẹ́fà.
Ìyá Dékọ́lá tó ń fọ́ òkúta lọ́nà Ìlúju,
áásáà ṣíbí kan;
oṣù tí wọ́n lé ọmọ ẹ̀ wálé nítorí owó ilé ẹ̀kọ́,
mo kọ ọ́ títí ojú ìwé fi kún.

Ilé ìwòsàn wa ń bẹ lókè lọ́hùn-ún,
àgádágodo ẹ̀ ti dípẹtà.
Nọ́ọ̀sì tó bá yọjú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun á ní, "Ẹ dín ìrònú kù."
Ó dáa.
Èló ni wọ́n ń ra àìronú?

Oyèníran àbúrò mi ò sí nínú ìwé náà.
Sìgá ò tó o mọ́.
Ẹ̀yìn ìsọ̀ fọganáísà ló ti ń ra oògùn pupa,
nínú ọ̀rá tí wọ́n fi ń di iyọ̀.
Igba búlọ́ọ̀kù ló ń mọ lóòjọ́.
Ó ní oògùn yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn òun rántí pé ẹ̀yìn ni òun.
Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tútù,
ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹnu ọ̀nà tí kò sẹ́ni kankan.
Mo pè é. Ó ní "Hẹn",
bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, àmì ìjókòó ẹ̀ ti gan mọ́ búlọ́ọ̀kù náà.
Ọ̀gá ẹ̀ yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń tà á.
Ìyá wa ti bi mí.
Mo na owó gàárì sí i nínú èrè ẹ̀.
Ó wò ó pẹ́. Ó gbà á.

Tí máńgòrò bá ń já lu páànù lóru, tí mo ti ti ìsọ̀,
èyí tó ṣẹ́ nínú páálí, tí ẹnikẹ́ni ò ní rà,
mo mú un, mo bẹ̀rẹ̀ síwájú òpó.
Okùn náà kúrú.
Mi ò tíì kọ orúkọ mi sínú ìwé.