Okùn Aṣọ Nélida

Ní Punta Mansa, aago ṣọ́ọ̀ṣì ti dákẹ́
láti ọdún tí ìjì ká òrùlé ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ.
Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ni láàárọ̀,
aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ni lóru.
Kò sẹ́ni tó gun àkàbà lọ jí i.
Tí o bá fẹ́ mọ àkókò, wo òjìji rẹ lórí iyanrìn:
tó bá ti gùn jù ọ́ lọ, lọ sílé, lọ jẹun.

Iyọ̀ ti jẹ ọ̀dà ara òtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tán,
lẹ́tà méjì ti já bọ́ lára orúkọ rẹ̀,
ológbò ló ń sùn lórí àga àlejò.
Níbi àtẹ̀gùn etíkun ni wọ́n ń bọ́ bàtà sí:
bàtà ọlọ́pàá, bàtà apẹja, sálúbàtà ìyàwó dókítà.
Ìrọ̀lẹ́ ni oníkálukú ń wá ṣa tirẹ̀;
bí ẹnìkan bá ṣi tẹlòmíràn wọ̀,
ó di ọ̀la.

Waldemar ń kun ọkọ̀ ojú omi rẹ̀
láti ìgbà tí eyín àkọ́kọ́ ọmọ rẹ̀ ká;
ọmọ ọ̀hún ti di dókítà eyín ní Montevideo.
Apá òsì ọkọ̀ dúdú bí aró, apá ọ̀tún, igi lásán.
"Ṣé ẹja ló ń lé mi ni?"
Ó bu màté fún mi nínú igbá tí kò tó ìkúùkù,
ó korò bí ewúro.
Mo mu ún, mo dá igbá padà, mo ní, "Ẹ ṣé o, bàbá."
Kò bù fún mi mọ́.
Àṣé níbẹ̀, ẹni tó bá dúpẹ́ ti yó nìyẹn.
Èmi tí wọ́n kọ́ pé ẹni tó dúpẹ́ oore àná á rí òmíràn gbà,
mo jókòó, mo panu mọ́, mo ń retí igbá.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ okùn fún mi,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń sọ iye tí wọ́n ń ta ẹyin.
Olówó kan ti ìlú ńlá dé, ó ra ilé funfun orí òkìtì iyanrìn,
ó ri òpó mẹ́fà, ó ta okùn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀
títí dé ibi tí ìgbì ń kú sí.
Ẹ gbọ́, ṣé òkun níwèé ilẹ̀ ni?
Iyanrìn yẹn, t'ọlọ́mọ t'àgàn ni,
ti ẹni tó wá wẹ̀, ti ẹni tó wá sunkún.
Nélida, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, kò pariwo, kò pe lọ́yà.
Ó jí ní kùtùkùtù, ó tú okùn, ó ká a sínú apẹ̀rẹ̀,
ó lọ sá aṣọ ibùsùn rẹ̀ lé e.
Olówó so òmíràn. Eusebio fi ìyẹn so ẹṣin.
Ó so ìkẹta. Àwọn ọmọ iléèwé fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ó fi já.
Lọ́jọ́ kẹrin ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ofelia.
"Okùn ti tán," ni Ofelia wí.
Ìdì okùn méje ló fẹ̀yìn tì.

Òpó mẹ́fà ṣì wà níbẹ̀, ẹyẹ òkun ló ń bà lé wọn.
Mo rí olówó náà lánàá,
ó ká ṣòkòtò dé orúnkún,
ajá Ofelia sùn lé e lẹ́sẹ̀, kò lè dìde.
Ó bi mí pé kí ni aago wí.
Mo wo ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní, "Mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú."
Ó mi orí.
Ó ní àyè ṣì wà.