Igi Tó Ń Jẹ́ Ariwo

Ọmọ Ṣógbẹ̀san, ká ìwé àwòrán yẹn ná.
Mo ti rí i. O fi rúlà fà á, ó gún régé:
intalọ́ọ̀kì láti géètì dé ẹnu ọ̀nà,
ọ̀pẹ òyìnbó mẹ́fà, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì,
bí ọlọ́pàá tó ń retí gómìnà.
Ṣùgbọ́n níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá mi,
o fi bírò pupa fa àgbélébùú sórí igi kan.
Kí ló fi ṣe ọ́?

O ní ó ti kú.
Àárín ọyẹ́ lo wá wọn ilẹ̀,
gbogbo ewé rẹ̀ ti já.
Ta ni kì í bọ́ṣọ kó tó wẹ̀?

Ariwo là ń pè é ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí,
àwọn mìíràn ń pè é ní abo lákòṣe.
Ọdún mọ́kàndínlógójì tí mo ti ń bá a gbé
n kò gbọ́ ariwo kan lẹ́nu rẹ̀.
Imú ló máa ń bá sọ̀rọ̀.

Gẹdú lọkọ mi gé títí ó fi kú.
Ó gé ìrókò, ó gé àfàrà,
ó gé arère tí ọkùnrin mẹ́rin ò lè fọwọ́ yí ká;
ilé ìlagi l'Ókè-Àgbò mọ ìró bàtà rẹ̀.
Lọ́jọ́ tó wá ṣán ilẹ̀ yìí, ó gbé àáké sókè,
atẹ́gùn fẹ́.
Ó sọ àáké kalẹ̀. Ó ní kí ìpìlẹ̀ ilé sún sẹ́yìn.
Bíríkìlà bínú, ilé sún ní ẹsẹ̀ bàtà méje.
Ìdí tí pálọ̀ wa fi há nìyẹn.

Jókòó.
Bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan péré,
òdòdó rẹ̀ á yọ, ewé tuntun á máa tẹ̀lé e.
Wọn kì í gbójú sókè bí òdòdó ajọra-ẹni-lójú;
wọ́n á so rọ̀ lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á dorí kodò,
àwọ̀ ìyeyè tí omi obì ta sí lára,
etí wọn rún bíi léèsì tí a kò tíì fi áyọ́ọ̀nù kàn.
Òórùn rẹ̀ kì í ṣe ti lọ́fínńdà.
Ó dùn díẹ̀, ó ta díẹ̀,
bí iná bá sì lọ lóru,
òun ni mo fi ń mọ ibi tí fèrèsé wà.

Èso rẹ̀ a máa tóbi tó orí ọmọ tuntun:
èmi agbẹ̀bí ni mo sọ bẹ́ẹ̀.
Hóró inú rẹ̀ ni mò ń yan, tí mò ń lọ̀ sínú ọbẹ̀ ata
fún gbogbo abiyamọ tó bí sí mi lọ́wọ́.
Ìyá rẹ jẹ àwo méjì, ó tún na àwo sí mi.
Ìwọ ń ké lórí ìwọ̀n nígbà náà,
o ò mọ igi tó bá wọn tọ́jú rẹ.

Ó yá, mú írésà.
Jẹ́ kí ọ̀nà rẹ tẹ̀ díẹ̀ bí apá ẹni tó ń jókòó,
kí àlejò gba abẹ́ rẹ̀ kọjá kó tó kan ilẹ̀kùn.
Má da sìmẹ́ǹtì sí i lọ́rùn, gbòǹgbò ń mí.
Má gbin olóòórùn kankan sítòsí rẹ̀;
àgbà ń sọ̀rọ̀, ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀.
Pákó apá kan wà lẹ́yìn ilé, ọkọ mi ló fi sílẹ̀,
ikán ti gbìyànjú, ó ti lọ:
fi ṣe bẹ́ǹṣì fún mi, má kùn ún.
Ọ̀pẹ òyìnbó, mo gba méjì.

Owó iṣẹ́ rẹ ò ní dín.
Padà wá lóṣù kẹta, fi rúlà sílé.
Bí katá bá sì dí ọ nímú,
dúró sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ títí yóò fi là.