Apá Mọ́kànlélógójì

Ọjọ́rú ni. A ti tìlẹ̀kùn ilé ìwòsàn.
Òjò Wales, tí kì í dá, tí kì í sì í pọ̀,
ń rọra fọ òrùlé síléètì.
Àwa mẹ́rin yí tábìlì ká níbi tí a ti ń mu tíì:
ìwé ìṣirò owó wà níwájú mi,
bísíkíìtì wà níwájú Dókítà Eluned, kò fọwọ́ kàn án.

Gwenllian, nọ́ọ̀sì wa, bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ àga.
Ó ní, "Apá mọ́kànlélógójì ni mo gún lónìí.
Iṣan ẹ̀jẹ̀ ni mo ń rí lójú àlá."
Kò rẹ́rìn-ín. Kò sì sunkún.
Egbò ẹsẹ̀ Emrys, tó yẹ kó dì láàárọ̀,
ti di tọ̀la.
Emrys ní kò burú.
Nǹkan kì í burú lẹ́nu Emrys;
ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n níbi tí wọ́n ti ń wa síléètì
ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Mo ní, ẹ jẹ́ ká gba olùrànlọ́wọ́ kan,
ẹni tí yóò máa fa ẹ̀jẹ̀, tí yóò máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀,
tí yóò dé ìgò ìtọ̀ pa, kó kọ orúkọ sí i lára.
Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kò sì ní pera rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì.
Owó oṣù rẹ̀ kò tó ti nọ́ọ̀sì,
ṣùgbọ́n owó ni, kì í ṣe omi òjò.
Mo ti ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta,
ibì kan náà ló ń já sí:
ó tó wa dé oṣù kẹta,
lẹ́yìn ìyẹn, àánú Ọlọ́run, tàbí ti ìjọba,
èyí tó bá tètè yá.

Dókítà Idwal, àgbà wa, tẹ síwá.
"Ẹ̀rọ ń wọn ìfúnpá ní ṣọ́ọ̀bù oògùn.
Ta ni yóò rí i pé obìnrin tí ẹ̀rọ ní ara rẹ̀ dá
wọ súwẹ́tà ọkọ rẹ̀ tó kú, lọ́jọ́ ooru,
pé ó ti rù, pé kò tíì jẹun láti àná?"

Ilé dákẹ́.
Fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára nìkan ló ń kùn.

"Idwal," mo ní, "ta ló sọ ti súwẹ́tà náà fún ọ?"
Ó la ẹnu. Ó pa á dé.

Mared ni. Mared tó ń gba fóònù lẹ́nu ọ̀nà,
tí ìwé rẹ̀ kò kọjá ilé ẹ̀kọ́ girama,
tó tọ́jú baba rẹ̀ lórí ibùsùn fún ọdún mẹ́rin,
tó mọ bí a ti ń yí àgbàlagbà padà
láì yí iyì rẹ̀ dànù.
Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, òótọ́ ni.
Èwo nínú ọwọ́ tiwa ló wá wọ akèrègbè yìí?

"Ó dáa," Gwenllian ní. "Ta ni yóò kọ́ ọ?
Èmi náà ni. Oṣù mẹ́ta gbáko
ni n ó fi máa gún apá,
tí n ó sì máa ṣọ́ ẹni tó ń gún apá.
Ta ni yóò wá gba fóònù?"
N kò ní èsì. Mo ń fi bírò tẹ ìwé lu.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìpolówó iṣẹ́.
Mo kọ ọ́ pé *a fẹ́ ẹni tó ní ìrírí.*
Mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ.
Eluned mú bísíkíìtì, ó jẹ ẹ́ tán,
ó ní òun yóò rò ó di ọjọ́ Ajé.

Ìgbà tí mo pa iná tán, tí mo ń wá kọ́kọ́rọ́,
ni mo rántí
pé kò sẹ́ni tó tíì bi Mared.