Ọkọ̀ Kan, Ẹgbẹ́ Mẹ́rin

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ yìí, ẹ rọra pariwo.
Láti ìrọ̀lẹ́ lẹ ti ń jiyàn, ìfófòó orí bíà yín ti wálẹ̀,
ẹ ní èwo ló dùn jù nínú Àwọn Ará Ìléru:
ti Gethin ni, àbí ti obìnrin yẹn, àbí ti ìsinsìnyí?
Àwo orin lẹ fi ń dájọ́.
Ẹ̀yìn ọrùn ni èmi Ifor fi mọ̀ wọ́n.
Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń wa ọkọ̀ wọn,
láti Port Talbot dé Newcastle,
nínú òjò tí kò mọ̀nà ilé ara rẹ̀.

Àwọn tàkọ́kọ́ ò mọ orin. Ẹ má bínú.
Ohùn mẹ́ta péré ni Talfryn mọ̀ lórí gìtá,
àmọ́ ó ń lù wọ́n bí ẹni tí ajá ń lé.
Mostyn yáwó ìyá rẹ̀ ra báàsì,
kò san án títí ìyá fi kú.
Dewi onílù, ilé iṣẹ́ irin ló ti ń bọ̀ tààrà,
eérú ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.
Gethin á wá la ẹnu,
ohùn á dún bí ilẹ̀kùn tí a kò fòróró sí,
irun ọrùn mi á dìde.
Ẹja díndín kan ni wọ́n ń pín sọ́nà márùn-ún.
Ìrù ni tèmi. Mi ò ráhùn.

Ẹgbẹ́ kejì ló mọ̀ ọ́n ṣe, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn.
Ìyàwó Mostyn bí ìbejì, ó ní ìrìnkiri tó gẹ́ẹ́;
Rhodri dé láti Swansea, òun pẹ̀lú dúrù
tó wúwo ju òkú màlúù lọ.
Ẹ wo bí mo ṣe tẹ̀ yìí. Dúrù náà ni.
Orin wọn wá gùn. Orin kan, ojú àwo kan.
Ní Leeds mo sùn nínú ọkọ̀, mo jí, mo tọ̀, mo padà sùn,
nígbà tí mo tún jí, Rhodri ò tíì kúrò lórí ẹsẹ̀ kejì.
Owó wọlé. Àwọn èèyàn ń dìde pàtẹ́wọ́.
Ṣùgbọ́n kálukú ló ń gbé búrẹ́dì tirẹ̀ wá nínú bébà,
tó ń jẹ ẹ́, tó kọjú sí fèrèsé.

Gethin lọ sí London, ó lọ wá orúkọ ara rẹ̀.
Wọ́n mú Eluned wá, ọmọ díákónì, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì.
Ní Birmingham wọ́n ń ké pé, “Gethin dà?”
Ẹnìkan ju ìgò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á,
ó gbé e ka orí dúrù Rhodri bí ẹni gbé òdòdó,
ó bá orin rẹ̀ lọ.
Àwo kan péré ni wọ́n ṣe. Ẹ ní kò dára.
Òótọ́ ni, kò dára.
Ṣùgbọ́n lóru tí ọkọ̀ wa kú lórí òkè Brecon,
tí yìnyín ń bọ́, tí eyín Dewi ń lu ara wọn,
ó kọrin fún wa títí ilẹ̀ fi mọ́,
láìsí iná, láìsí gìtá.
Ẹnì kankan ò gbà á sílẹ̀.
Ẹ̀yin adájọ́, níbo lẹ máa ka ìyẹn sí?

Tòní ńkọ́? Talfryn nìkan ló ṣẹ́kù, etí òsì rẹ̀ ti di.
Ọmọ ọmọ Dewi ló ń lùlù.
Ọmọdé kan láti Cardiff ń kọrin,
ó kọ́ Gethin débi pé
ibi tí Gethin ti wúkọ́ lórí àwo àkọ́kọ́,
òun náà ń wúkọ́ níbẹ̀, lálaalẹ́, kì í yẹ̀.
Àṣìṣe ẹlòmíràn nìkan ni wọ́n ń ṣe.
Oorun máa ń kùn mí.
Síbẹ̀, bí ikọ́ yẹn bá ti dún,
Talfryn á yí etí tó ń gbọ́ síbẹ̀, á rẹ́rìn-ín,
bí ẹni tí ọ̀rẹ́ kí láti òdìkejì títì.

Ọkọ̀ tó wà níta yẹn, mo ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan, táyà ò lóǹkà.
Bí ẹ bá ní kì í ṣe ọkọ̀ àtijọ́ mọ́,
kọ́kọ́rọ́ rèé. Ẹ lọ ṣí i lẹ́yìn, ẹ gbóòórùn rẹ̀.
Ẹja ni.