Èbúté Gígùn

Molivusi ni mí, ọdẹ èbúté ní Fanuátù.
Wọ́n ní ẹni tó máa dáṣọ fúnni, tọrùn rẹ̀ là ń wò.
Tọrùn eléyìí dára, mi ò lè purọ́.
Téèpù ọwọ́ rẹ̀ ni mò ń wò:
ta ló wọn èbúté yìí
tó fi gùn ju gbogbo ọkọ̀ ìpẹja wa
tá a bá tò wọ́n nídìí ara wọn?

Lánàá, ọkọ̀ ogun aláwọ̀ eérú yọ,
ó lóun fẹ́ ra omi.
Àwọn ọmọdé juwọ́ sí i. Èmi náà juwọ́;
owó wọn lọmọ mi fi ń kàwé.
Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ọ̀rẹ́ àtijọ́ fi pè wá láti gúúsù:
"Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"
Lọ́dún tí ìjì ká òrùlé wa lọ,
ọjọ́ mẹ́sàn-án ni fóònù ò fi dún.

Mínísítà ní ọ̀rẹ́ gbogbo ayé ni wá.
Leitare tó ń tún àwọ̀n ṣe ò gbójú sókè:
"Etíkun náà, ọ̀rẹ́ gbogbo ayé ni.
Ta ló ń kágò kó tó tẹ̀ ẹ́?"

Láago mẹ́wàá mo pa iná, mo ti géètì.
Kọ́kọ́rọ́ méjì ni wọ́n gé fún un.
Ọ̀kan ló wà lọ́wọ́ mi.