Pàtẹ́wọ́

Ìwé ni mo kọ́kọ́ mú tọ̀ ọ́ lọ,
ìwé ojú ewé mẹ́rin, pẹ́ńsù kan, aago ọwọ́ kan,
nínú yàrá tó kọjú sí títì Yemẹtù
níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti máa ń dá sí ọ̀rọ̀ wa.
Mo ní, "Ìyá Múlíkátù, ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè."
Ọwọ́ gbọ́, ọwọ́ ò dìde.
Ó ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò tó jókòó sórí àga onílé.
Mo kọ òdo.
Mo ní, "Ṣé ẹ lè fi ṣíbí bu oúnjẹ sẹ́nu?"
Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọjọ́ wo ni mo fi ṣíbí jẹun rí?"
Mo kọ òdo mìíràn. Ojú tì mí. Mo fi rọ́bà pa á rẹ́.

(Iṣẹ́ mi lórúkọ, ṣùgbọ́n orúkọ náà ń ṣi ènìyàn lọ́nà.
Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wá lóṣù tó kọjá,
ó ní kí n bá òun wáṣẹ́.)

Kò sí ìlà kankan nínú ìwé náà fún irun dídì.
Ọdún mẹ́tàlélógójì ló fi jókòó lábẹ́ igi ọ̀dán ní Òde Ajé,
orí ọmọ ọlọ́mọ láàárín orúnkún rẹ̀.
Ó mọ orí tó le, ó mọ orí tó rọ̀,
ó máa ń mọ ọmọ tí kò tíì jẹun láti ara irun.
Mo yí ìwé dé ẹ̀yìn, níbi tí kò sí ìlà,
ibẹ̀ ni mo ti wá bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà: ẹ̀wà ṣíṣà, bọ́tìnì,
òwú dúdú mẹ́ta tí mo so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì.
Àtàǹpàkò mì lẹ́ẹ̀kan. Ó tún sùn.
Ó ní, "Má wulẹ̀ yọ̀.
Ológbò ilé wa náà máa ń mì lójú oorun."

Ọjọ́bọ̀ ni a máa ń kó ara wa jọ:
Lásísì awakọ̀, tó ń gbàgbé ibi tó ń lọ kó tó dé ẹnu ọ̀nà;
Fẹ́hìntọ́lá, tí jàm̀bá ọkọ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀;
Bàbá Oyèéwùmí, akọ̀wé rélùwéè nígbà kan,
ọwọ́ òsì rẹ̀ ti kú, ọ̀tún ṣì ń kọ̀wé geere.
Ẹ̀gúsí ni mo ṣètò pé a ó jọ bó.
Ìyá Múlíkátù ò wo ẹ̀gúsí. Orí mi ló ń wò.
"Ta ló ṣe báyìí sí ọ?
Irun rẹ dà bí ìtẹ́ adìyẹ tó ń sàba. Jókòó."
Mo jókòó sórí símẹ́ǹtì, èmi aláyẹ̀wò.
Ó ní, "Akọ̀wé, mú ọwọ́ rẹ wá."

Wọ́n ní ọ̀tún a máa wẹ òsì, òsì a sì wẹ ọ̀tún.
Wọn ò sọ pé ara kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ ni méjèèjì.
Òsì obìnrin Òde Ajé, ọ̀tún ọkùnrin Dùgbẹ̀,
wọ́n pàdé lórí awọ orí mi,
ọ̀kan dì í mú, ọ̀kan gbé e kọjá.
"Fà á. Má fà á tó bẹ́ẹ̀! Ṣé okùn ọkọ̀ ojúurin ni?"
Lásísì di òóyà mú, kò gbàgbé pé òóyà ni.
Fẹ́hìntọ́lá ń fi ìka ka ẹsẹ̀ irun;
nígbà tó kan ìkeje, ètè rẹ̀ là,
afẹ́fẹ́ jáde.
Afẹ́fẹ́ lásán ni. Mo gbọ́ ọ.

Pàtẹ́wọ́ ni wọ́n dì fún mi, ó wọ́ sápá ọ̀tún.
Mo wọkọ̀ ní Géètì, obìnrin kan lẹ́yìn mi ní,
"Àǹtí, ẹ lọ gbowó yín lọ́wọ́ onídìrí yìí."
Mi ò fèsì. Ìpàkọ́ ń ro mí
níbi tí akọ̀wé ti fà jù.

Lálẹ́, mo ṣí ìwé síwájú àtùpà.
Mo fọwọ́ kan orí mi, mo kà á: méje.
Òṣùwọ̀n ìwé náà ò kọjá márùn-ún.
Mo kọ méje.