Ìrántí Gígì Méjìlélọ́gbọ̀n

Àpò kajú mẹ́sàn-án ni mo tà,
n ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.
Mo ká owó náà sínú ìbọ̀sẹ̀,
mo gba Tákíè kọjá,
ó di ṣọ́ọ̀bù Oyèdòkun tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe,
níbi tí àwọn ẹ̀rọ tó ti kú
ti ń retí àjíǹde láàárín wáyà àti eruku.

Mo ní, "Bọ̀dá, èyí tí yóò ṣí géèmù kan náà
lẹ́ẹ̀mẹrin lójú kan ni mo ń wá.
Fèrèsé mẹ́rin, akọni mẹ́rin,
kí ọ̀kankan wọn má dúró gbagidi lójú ogun."

Ó gbójú sókè.
"Ọwọ́ mẹ́rin lo ní ni?"

N ò dá a lóhùn.
Ojú mi ti lọ sára ọ̀kan tó ń tan iná aláwọ̀ ewé,
tó tún ń tan pupa,
fáànù mẹ́ta ń yí gbirigbiri nínú ikùn dígí.
"Fi ìyẹn sílẹ̀. Iná ara kì í gbé géèmù rìn.
Owó tabua ni káàdì àwòrán yẹn,
ẹni tó ń wo fèrèsé kan ló wà fún.
Ìwọ tó o fẹ́ gba àlejò mẹ́rin,
ẹní kan ṣoṣo, bó ti wù kó dára tó,
ta ló fẹ́ sùn sí i, ta ló fẹ́ dúró?"

Ó fi bírò ṣírò sẹ́yìn páálí:
géèmù kan á jẹ gígì mẹ́rin,
ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á jẹ mẹ́ta kó tó lajú.
Ọpọlọ mẹ́fà, ó kéré tán.
"Ìyókù, a ó máa pààrọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.
Ìrántí ni kó o rà, àbúrò.
Ìrántí lẹ̀rọ fi ń gba èrò mọ́ra."

Kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bà mí.

Ọ̀kan péré ló jẹ́ tèmi nínú àwọn mẹ́rin.
Oyèlárán ló ni tafàtafà;
ó wà ní Kánádà, ó ń ti yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà onílé.
Fẹ́yíṣara ló ni oníṣègùn;
ìbejì rẹ̀ kò jẹ́ kó rí oorun sùn, ká má tíì sọ géèmù.
Àlàgbé ló ni èyí tó ń gbé asà síwájú.
Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti kọ pásíwọọ̀dù rẹ̀ fún mi
sára ìwé oògùn:
"Má jẹ́ kó ti ibi kan pòórá."
Ìjẹ̀rù la sin ín sí.

Owó mi fi ọ̀kẹ́ kan dín.
Mo fi fóònù mi dógò.

Aago kan òru kí wọ́n tó múná dé.
Mo ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan:
fèrèsé mẹ́rin lójú dígí kan,
gbogbo wa lẹ́nu ibodè, bíi ti tẹ́lẹ̀.
Ọwọ́ méjì ni mo ní, Oyèdòkun.
Mo ń fi máòsì lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì
bí ẹni ń bu omi fún àlejò.
Nígbà tí mo fi Àlàgbé sílẹ̀, kò rìn,
ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀,
bí wọ́n ṣe ṣe é pé kó máa mí
nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án.

Mo wo ìrántí: ó ti jẹ mọ́kàndínlógún.
Ó ṣì ku mẹ́tàlá.